Ìṣirò Àáró: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkó Àwọn Olùyọ̀ǹda Ara Ẹni Jọ Láti Ṣe Fíìmù

(Ọ̀rọ̀ àsọyé ni èyí, tí mo sọ níwájú àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn àgbà kan ní Kàbà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ti sọ ọ́, àfi ibi tí iná ti lọ tí a fi ń dúró kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀.)

Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, òkun o. N kò gbọ́ yín dáadáa: òkun o! Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ ti Ìlọrin àti Èkó wá, tí ẹ ń wojú ara yín, kíkí ni a kí yín. Òkun yìí náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo wa lórúkọ.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń kó àwọn èèyàn tí a kò ní san owó iṣẹ́ fún jọ, kí a sì bá wọn ṣe fíìmù tí yóò parí. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn: tí yóò parí. Bíbẹ̀rẹ̀ fíìmù kò ṣòro. Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, mo rò pé kò sí ìlú tí ẹ kò ti ní rí ọ̀dọ́ kan tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lórí fóònù rẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. N kò kọ́ṣẹ́ fíìmù níbì kankan. Àṣìṣe ni ó kọ́ mi, àwọn àṣìṣe náà ni mo sì fẹ́ kó sílẹ̀ níwájú yín.

Àáró kì í ṣe inú rere lásán

Kí ni a máa ń sọ bí ẹnikẹ́ni bá pè wá sí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe? A ó ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni? Ta ni ó kà á? Ìgbà wo ni oníkálukú yóò sì gba ọwọ́ tirẹ̀ padà?

Àwọn baba wa tí wọ́n roko ní ilẹ̀ yìí kò fi ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí àwọn márùn-ún bá ń ṣe àáró, oko tèmi ni lónìí, tìrẹ ni lọ́la, ti lágbájá ni lọ́tùn-únla, títí yóò fi kárí. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, yóò rán ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀, nítorí pé gbèsè ni. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ ńlá, bí ilé kíkọ́ tàbí oko àna, ni ó ń bẹ ọ̀pọ̀ èèyàn fún ọjọ́ kan, òun ni yóò sì wá oúnjẹ àti ohun mímu tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn. Nínú àáró, iṣẹ́ ni a fi ń san iṣẹ́. Nínú ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ọlá ni a fi ń san án. Nínú méjèèjì, kò sí ẹni tí ó wá tí kò mọ ìgbà tí yóò padà sílé.

Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ìṣirò, ẹgbẹ́ tí kò bá sì ṣe ìṣirò náà yóò jẹ gbèsè títí yóò fi tú.

Àwọn tí wọ́n ṣáájú wa nínú iṣẹ́ eré mọ èyí dáadáa. Nígbà tí Olóyè Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní ọdún 1945, ìṣòro tí ó bá wọn kò yàtọ̀ sí tiwa: kí ni a ó ṣe tí òṣèré kò fi ní lọ? Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin wọn níyàwó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi wà ní ìlà kejì níbẹ̀ yẹn, nítorí náà ọgbọ́n mìíràn ni èmi ní láti wá.

Fíìmù wa àkọ́kọ́ kò parí títí di òní. Ní Sátidé àkọ́kọ́, èèyàn mọ́kànlélógójì ni ó wá. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò gbogbo wọn, mo sì gbé e sórí Facebook. Nígbà tí ó fi máa di Sátidé kẹrin, àwa méje ni a kù, mẹ́ta nínú wa sì jẹ́ ará ilé mi. Mo bínú. Mo ń sọ káàkiri pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò ní ìfaradà, títí di ọjọ́ tí mo lọ gba ṣòkòtò mi lọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Ìyàrà, ọmọbìnrin kan tí ó wà lára àwọn mọ́kànlélógójì náà. Ó ń fi eyín já òwú lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá mọ́. Kò kọ́kọ́ dáhùn. Ó gbọn ṣòkòtò náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án, ó ṣẹ́ ẹ po. Ó wá ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Ẹ ní kí n dé ní aago méje, mo dé ní aago méje. Ẹ ní n óò ru igbá kọjá lójú ọ̀nà. Mo gbé igbá náà dání títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí n tó gbọ́ lẹ́nu ọmọ kan pé ẹ ti yọ ibẹ̀ kúrò láti àárọ̀. Aṣọ ìyàwó mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi lọ́sẹ̀ náà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, wákàtí mẹ́wàá! Bí mo bá yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lọ́wọ́ ọmọ yẹn tí n kò san án, gbogbo Ìyàrà ni yóò gbọ́. Mo jẹ wákàtí mẹ́wàá rẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́, èmi náà ni mo sì tún ń sọ pé kò ní ìfaradà.

Gé iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́

Kí ni mo wá ṣe? Mo padà sídìí àáró. Kò sí àgbẹ̀ tí ń lọ sí àáró tí kò ní fojú wọn iye ebè tí ó wà níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí fíìmù rí: kí ó di ebè, ohun tí èèyàn lè kà, tí ó lè rí òpin rẹ̀ láti ibi tí ó dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti òkèèrè. Ní ọdún 2009, ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Casey Pugh gé fíìmù Star Wars ti ọdún 1977 sí ègé 473, ègé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 15. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn fíìmù náà mú ègé tirẹ̀, kí ó tún un ṣe bí ó bá ti wù ú, kí ó sì dá a padà. Àwọn kan fi páálí ṣe ọkọ̀ òfuurufú, àwọn kan ya àwòrán tí ń rìn, àwọn mìíràn fi ọmọ wọn ṣe akọni. Wọ́n tò ó pọ̀, ó di odindi fíìmù, ó sì gba ẹ̀bùn Emmy ní ọdún 2010. Ẹ̀bùn náà kọ́ ni ó wú mi lórí. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé ẹni tí ó mú ègé kan mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá 15 ni gbèsè òun. Wọn kò sọ fún un pé, "Wá ràn wá lọ́wọ́." Gbólóhùn yẹn ni ó ń pa ẹgbẹ́, nítorí pé kò ní ìwọ̀n, ẹni tí ó bá gbà láti "ranni lọ́wọ́" kò lè mọ ìgbà tí ó lè sọ pé òun ti ṣe tòun tán.

Ní báyìí, ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ń kọ ìwé ojú kan fún iṣẹ́ Sátidé. Orúkọ wà níbẹ̀, ibi tí a ó ti pàdé, aago tí onítọ̀hún yóò dé, ohun tí yóò ṣe, aṣọ tí yóò wọ̀, àti aago tí yóò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí tí mo mẹ́nu bà kẹ́yìn yẹn sílẹ̀. Gbogbo olùdarí ni ó mọ aago tí òun fẹ́ kí èèyàn dé. Mélòó nínú wa ni ó mọ aago tí èèyàn yóò lọ? Ó lé ní ọdún kan kí n tó ronú kàn án. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, mo rí i pé òun ni ó ń tún gbogbo ètò yòókù ṣe fúnra rẹ̀, nítorí pé bí mo bá ti ṣèlérí pé ìyá kan yóò lọ ní aago mọ́kànlá, dandan ni kí n ya ìran tiwọn ṣáájú, ì báà jẹ́ ìparí ìtàn. Fíìmù kò béèrè pé kí a yà á ní títẹ̀léra. Àwa ni a sọ ọ́ di dandan nítorí pé ó rọ olùdarí lọ́rùn. Bí ètò bá sì yí padà tí a kò nílò ẹnì kan mọ́, èmi fúnra mi ni n ó pè é lórí fóònù. N kò ní rán ọmọdé.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ ń dúró. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ti rí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kò sí ìran tí ó dára débi tí n ó fi jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn wà lójú títì ní aago méje alẹ́ nítorí rẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé kámẹ́rà kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá? Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kàdúná tí wọ́n ń pe ara wọn ní The Critics Company ti bá mi dáhùn ìbéèrè yẹn: fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán wà lára ohun tí wọ́n fi ń ya fíìmù nígbà tí ayé gbọ́ nípa wọn ní ọdún 2019. Mo kọjá níbẹ̀.

Ọkùnrin tí ó fi irun wọlé, tí ó fi orí jáde

Nínú fíìmù wa kejì, ọkùnrin kan wọ inú ilé rẹ̀ lọ láti mú àdá. Irun kún orí rẹ̀. Nígbà tí ó yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, orí rẹ̀ ń dán bí àwo. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó wà láàárín ìwọlé àti ìjáde, ọ̀rẹ́ wa sì ti lọ fárí nítorí ìsìnkú kan. Ta ni ó jẹ̀bi? Èmi ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé orí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wá bá mi. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣeré, àwọn kò lè gbé ẹrù, ṣé iṣẹ́ kan wà tí àwọn lè ṣe? Díẹ̀ ni ó kù kí n ní kí wọ́n wá ìjókòó máa wò wá. Ọlọ́run ni ó yọ mí. Mo fún wọn ní ìwé ọlọ́pọ̀ ojú ewé kan àti bírò, mo ní kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá rí bí a bá ti ń ya ìran kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ mi níhìn-ín. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sí ojú ewé kẹta: "Bọ́tìnnì kejì ṣí sílẹ̀. Ife wà lọ́wọ́ òsì, omi inú rẹ̀ kù ìdajì. Òjìji igi ti dé ẹsẹ̀ ìkòkò." Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ ogún ọdún tí ó di kámẹ́rà mú kò rí òjìji. Ojú ìran tí ó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni ó ń wò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọjọ́ yẹn ni mo tó fojú rí i. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ń lọ fárí láìkọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ Màmá.

Ìwé kejì ni ti àwọn àwòrán fúnra wọn. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa nu káàdì ìrántí kan mọ́ nítorí pé ó rò pé ẹlòmíràn ti da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko, iṣẹ́ èèyàn mọ́kàndínlógún, ó lọ bí ẹní fẹ́ná pa. Ó sunkún, n kò bá a wí, nítorí pé kò sí òfin kankan tí ó rú. A wá fi òfin lélẹ̀: a kò gbọdọ̀ nu káàdì kankan títí àwòrán inú rẹ̀ yóò fi wà ní ilé méjì, ọ̀kan ní Kàbà, ìkejì ní Mọ̀pà, tí àwọn méjèèjì yóò sì ti fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwòrán ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp, ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fídíò lásán, ó máa ń fún un pọ̀, àwòrán yóò sì ṣú, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document.

Àwọn tí kò gbé kámẹ́rà

Nígbà kan, a fẹ́ ya ìgbéyàwó àtijọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń tọ́jú aṣọ wa ti yá aṣọ híhun pupa kan, aṣọ àtijọ́ tí ó rẹwà púpọ̀, ó sì ti ń ró o fún ìyàwó. Bàbá kan, ará Bùnú, tí wọ́n kàn wá wòran lábẹ́ igi máńgòrò, dìde, wọ́n sún mọ́ wa, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ta ló kú?"

Gbogbo wa dákẹ́. Aṣọ pupa ni wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àgbà ní Bùnú, a sì máa ń rí i lára egúngún. Bí bàbá náà kò bá wá wòran, à bá gbé ìyàwó wa jáde níwájú gbogbo ilẹ̀ Òkun nínú aṣọ òkú. N kò jẹ́ kí wọ́n padà sábẹ́ máńgòrò. Láti ọjọ́ náà, kí a tó ya ohunkóhun, a máa ń ka ìwé eré sétí àwọn àgbà mẹ́ta, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì sọ ibi tí a ti ṣìnà. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Obì àti omi tútù ni ó ná wa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Àwọn Owé ní Kàbà ni a wà, nítorí náà kí a sọ Owé. Àwọn Yàgbà ní àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú òṣèré. Àwọn Ìjùmú ní bí kò bá ti jẹ́ tàwọn, kí a kúkú sọ Yorùbá Ọ̀yọ́. Kí ni ẹ rò pé a ṣe? A jẹ́ kí oníkálukú sọ tirẹ̀, bí a ti ń sọ ọ́ síra wa lọ́jà Kàbà láìsí wàhálà, a sì kọ Yorùbá àjùmọ̀lò sísàlẹ̀ àwòrán. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà ni ó ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo wa, kò sì sí ẹni tí ó tíì kí i dáadáa. Mo kí i lónìí.

Oúnjẹ àti ìwé àdéhùn

N kò ní pẹ́ níbí. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Aago méjìlá ni a ń jẹun, ì báà jẹ́ pé ìran kù díẹ̀ kí ó tán, olùdarí ni ó sì ń bu tirẹ̀ kẹ́yìn. Owó ọkọ̀ ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, kí ẹ fún un kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àgbàlagbà dúró lẹ́nu ọ̀nà yín ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń tọrọ.

Ní ti ìwé, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ilẹ̀ wa ti ọdún 2022 ka ẹni tí ó ṣètò bí fíìmù ṣe di ṣíṣe sí ẹni tí ó ni ín, àfi bí àwọn tí wọ́n jọ ṣe é bá kọ àdéhùn mìíràn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan, iṣẹ́ ogójì èèyàn lè di ti ẹnì kan. Ojú ewé kan tó, ní Yorùbá, kí gbogbo èèyàn fọwọ́ sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí inú ṣì dùn. Kí òbí sì fọwọ́ sí i fún ọmọ tí kò tíì dàgbà. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á tàbí gbé e jáde fún gbogbo ayé, àjọ ìjọba tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, èyí tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, ní láti kọ́kọ́ rí i.

Orúkọ

Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2010, wọ́n ní kí àwọn èèyàn káàkiri ayé ya ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sórí YouTube. Fídíò bí 80,000 ni ó wọlé láti orílẹ̀-èdè 192, ó tó wákàtí 4,500, fíìmù tí wọ́n sì yọ nínú rẹ̀ kò ju bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹ ronú sí iye èèyàn tí ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ tí kò rí ojú ara rẹ̀. Bí yóò ti rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn. Ẹ tètè sọ fún olùyọ̀ǹda pé a lè gé ojú rẹ̀ kúrò. Ẹ sì ṣèlérí fún un pé a kò ní gé orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí fíìmù wa kejì parí, a pe àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti àwọn ẹbí wọn, a ta aṣọ funfun mọ́ ògiri gbọ̀ngàn kan, a sì fi hàn wọ́n. Nígbà tí ìtàn tán, mo rò pé wọn yóò dìde. Kò sí ẹni tí ó mira. Orúkọ ni wọ́n ń dúró dè. Ìyá tí wọ́n se ẹ̀wà fún wa ní gbogbo Sátidé kò mọ̀wé, ọmọ-ọmọ wọn ni ó ń kà á fún wọn létí. Nígbà tí ó kan tiwọn, wọ́n dìde dúró, wọ́n tún gèlè wọn so, wọ́n sì jókòó. Yinni yinni kí ẹni lè ṣe mìíràn. Wọn kò pa Sátidé kan jẹ láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà tí ó ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé epo jẹnẹrétọ̀ wá fún wa láti Sátidé kìíní dé ìkẹyìn. Orúkọ ń kọjá, mo ń wò ó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ó ti ń kà á. Orúkọ tán. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kan, mo sì fi ìwé mìíràn ránṣẹ́ sí ẹni tí ń to fíìmù. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò burú, Tíṣà." A tún fíìmù náà ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo mú un lọ sí ilé wọn fúnra mi, bàbá rẹ̀ gbà á, wọ́n sì dúpẹ́. Òun kò padà wá. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ orúkọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó lọ, tí oníkálukú ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ bí ó ti fẹ́ kí a rí i, pẹ̀lú àmì ohùn orí orúkọ náà.

Fíìmù kẹrin ni a fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́ta wà lórí tábìlì ẹ̀yìn. Iṣẹ́ ogún ni a ti kọ síbẹ̀, pẹ̀lú aago ìdé àti aago ìlọ. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ, kí ẹ má sì mú ju ẹyọ kan lọ. Màmá oníwèé ń wá ẹni méjì tí wọn yóò kọ́ ní iṣẹ́ wọn. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ló lù yìí; kí àwọn tí ń lọ sí Mọ̀pà àti Ìsánlú kọ́kọ́ lọ kọ tiwọn, bọ́ọ̀sì ti wà níta.